Ìpín Kẹ́hìndé

Òkèrèwè,
Ilé-Ifẹ̀.
Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Kẹsàn-án.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Ìyá Ẹ̀bùnolúwa,

Mo kí yín láti ibí dé Edúnàbọ̀n, ẹ kú ìtọ́jú àwọn aláìsàn. Mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ yín kì í sinmi ní wọ́ọ̀dù, mo sì gbà á ládùúrà pé kí egungun yín le, kí ilé yín tòrò. Tí ẹ bá béèrè tiwa, a wà láàyè. Ẹ jẹ́ kí n fi mọ bẹ́ẹ̀ ná.

Ẹ ó máa rò ó pé kí ló dé tí Mojíre fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Orí fóònù náà ni mo ti ń purọ́ fún yín. Nígbà tí ilé-ìwé wọlé tí ẹ bi mí bóyá mo ti ṣàlàyé àìsàn Táíwò fún tíṣà rẹ̀, mo ní mo ti sọ gbogbo rẹ̀. N kò sọ nǹkan kan. Bí mo bá tún gbọ́ ohùn yín, irọ́ mìíràn ni n ó pa, ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Ọwọ́ ara yín ni ẹ fi kọ ọ́ sára páálí pé kí Táíwò máa lo oògùn wárápá rẹ̀ láàárọ̀, ní aago méjìlá ọ̀sán, àti lálẹ́, kí n sì gbé páálí náà bẹ́ẹ̀ fún ilé-ìwé. Ojú tì mí. Ẹ mọ ohun tí àwọn ènìyàn wa ń sọ nípa wárápá, pé itọ́ rẹ̀ ń ràn, wọn á sì ya abọ́ ọmọ sọ́tọ̀. Mo yọ oògùn kúrò nínú páálí, mo dì í sínú ọ̀rá, mo gbé e fún Àǹtí Ọ̀ṣuntọ́lá, tíṣà àwọn ìbejì mi. Mo ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ni, kí ó máa fún Táíwò ní ẹyọ kan lọ́sàn-án.

Ní Ọjọ́rú tó kọjá, mo wà ní ọ́fíìsì wa ní yunifásítì nígbà tí ilé-ìwé pè. Orúkọ Táíwò ni mo ti múra láti gbọ́, àmọ́ Kẹ́hìndé ni wọ́n dá. Wọ́n ní ó sùn sórí tábìlì, wọ́n jí i títí, ó kàn ń la ojú, ó sì ń pa á dé padà. N kò mọ bí ọ̀kadà ṣe gbé mi dé ilé-ìwé wọn ní Mayfair.

Bí mo ṣe ń gbé Kẹ́hìndé kúrò lórí ẹní tí wọ́n tẹ́ ẹ sí ni mo gbọ́ ìró lẹ́yìn mi. Táíwò ti ṣubú lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ó ń gbọ̀n, itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀, lójú gbogbo àwọn tí mò ń fi àìsàn rẹ̀ pa mọ́ fún. Ọ̀rọ̀ di bó ò lọ, yà fún mi. Àǹtí Ọ̀ṣuntọ́lá nìkan ni kò sá. Ó kúnlẹ̀, ó yí ọmọ náà fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, ó tú gèlè orí rẹ̀, ó ká a sábẹ́ orí Táíwò.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà ní àwọn méjèèjì yóò bọ̀ sípò, ó wá béèrè ohun tí Kẹ́hìndé lò. Àǹtí ni ó dáhùn: "Ìdajì ni mo máa ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, mà. Ìbejì ni wọ́n. Báwo ni màá ṣe fún ọ̀kan kí èkejì máa wò ó lẹ́nu? Oògùn ẹ̀jẹ̀ ni màmá wọn pè é, mo ní kò lè pa ẹnikẹ́ni lára." Ọjọ́ mẹ́jọ gbáko ni ó ti ń dá oògùn náà sí méjì. Ti Táíwò kò tó o mọ́, Kẹ́hìndé sì ń tòògbé bọ̀ wálé lójoojúmọ́, èmi ń pè é ní ọ̀lẹ. Lọ́jọ́rú yẹn, kò jẹun kí ó tó jáde, oògùn náà wá gbé e.

Ó tún kù. Nílé, bí Táíwò bá ti ń lo tirẹ̀, èmi fúnra mi ni mo máa ń fi fítámìn C kan sí Kẹ́hìndé lọ́wọ́ kí ó má baà sunkún. Òun ni ó nawọ́ sí Àǹtí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní, "Màámi máa ń fún àwa méjèèjì." Ọmọ náà kò purọ́. Èmi nìkan ni òpùrọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Síbẹ̀ mo dákẹ́. Ọ̀gá ilé-ìwé, Ọ̀gbẹ́ni Lágúnjú, sọ níwájú mi pé kí Àǹtí lọ jókòó sílé, mò ń wo ilẹ̀. Mo fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, mò ń pa làpálàpá: bí n ó ṣe sọ pé ibà lásán ló gbé Táíwò ṣánlẹ̀ ni mò ń rò. Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, n kò lè gbé e mọ́ra mọ́. Mo padà lọ, mo gbé páálí tí ẹ kọ sórí tábìlì, mo sì dárúkọ àìsàn náà. Àǹtí wà níbẹ̀, ó wá kó ẹrù rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ fún un. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ bá ti sọ fún mi. Àbúrò mi náà ní in."

Wọ́n ti gba Àǹtí padà. Ọ̀gá ní oògùn tí kò bá sí nínú páálí rẹ̀, pẹ̀lú orúkọ ọmọ àti ìwé dókítà, kò ní wọ ilé-ìwé òun mọ́. Inú kọ́bọ́ọ̀dù oníkọ́kọ́rọ́ ni yóò wà, èèyàn méjì ni yóò sì máa fọwọ́ síwèé bí ọmọ bá ti lò ó. Ṣùgbọ́n òbí méjì ti ní kí wọ́n yọ ọmọ àwọn kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ Táíwò. Ọ̀gá ní kí a fi òní wò ó ná. Bí nǹkan bá tún ṣẹlẹ̀, òun kò mọ bí òun yóò ṣe gba Táíwò dúró.

Òní náà rèé. Aago mọ́kànlá ààbọ̀ ni mò ń kọ ìlà yìí ní ọ́fíìsì. Lánàá mo sọ fún Kẹ́hìndé pé oògùn Táíwò kì í ṣe ohun àpínjẹ. Ó sunkún, ó ní, "Kí wá ni ìpín tèmi?" Tí ó bá tún nawọ́ ńkọ́? Tí Táíwò bá fi eyín gé e sí méjì lábẹ́ tábìlì ńkọ́? Wọn kò jẹ nǹkan rí kí ọ̀kan má bu fún èkejì, èmi ni mo sì kọ́ wọn.

Ẹ dárí jì mí. Ọwọ́ tí ẹ fi ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ, Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ fi gbé ọmọ-ọmọ tiyín.

Èmi ni àbúrò yín tí kò ní purọ́ fún yín mọ́,
Mojíre, Ìyá Ìbejì.

Àfikún: Aago méjìlá ti kọjá díẹ̀. Mo ti fẹ́ lẹ àpòòwé pa kí Àǹtí tó pè. Táíwò ti lò ó, òun nìkan, èèyàn méjì sì ti fọwọ́ síwèé. Mo béèrè Kẹ́hìndé. Ó ní bí òun ṣe ń ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ni Kẹ́hìndé dìde, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an, ó lọ bu omi wá nínú kọ́ọ̀pù, ó sì dúró ti Táíwò títí ó fi gbé oògùn náà mì. Nígbà tí Àǹtí ní kí ó lọ jókòó, ó ní, "Omi ni ìpín tèmi."