Alhaja Àwáwù Ládòkun àti Orin Mẹ́sàn-án Tí Wọ́n Fi Sílẹ̀

Ìlú Ṣakí ni a bí Alhaja Àwáwù Ládòkun sí ní ọdún 1947. Bàbá wọn, Olóògbé Ṣùkúrù Ìyápọ̀, ń gbin iṣu àti ọkà bàbà. Ìyá wọn, Olóògbé Bàṣírátù, ń ta òrí. A ò ní parọ́ pé ìdílé ọlọ́lá ni. Àgbẹ̀ ni wọ́n, wọ́n sì ń jẹun yó.

Alhaja, màmá wa, lọ sí ilé kéwú, wọ́n sì ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dé kíláàsì kẹrin. Ní ọdún 1965 wọ́n lọ bá àbúrò bàbá wọn obìnrin ní Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ olórin kan tó ń ṣeré ní hòtẹ́ẹ̀lì ti gbọ́ ohùn wọn, ni wọ́n bá di akọrin jáàsì. Orin òyìnbó àtijọ́, orin ìfẹ́ tó ń lọ jẹ́jẹ́, àti orin ìbànújẹ́ tí wọ́n ń pè ní búlúùsì ni wọ́n ń kọ. Òyìnbó tí Màmá gbọ́ kò pọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í kọ orin kankan àfi tí ẹnì kan bá kọ́kọ́ sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún wọn. Wọ́n á ní, "Ta ló máa sunkún lórí ohun tí kò yé e?"

Ẹni tó ń fun fèrè nínú ẹgbẹ́ náà ṣẹ̀dá orin Yorùbá kan fún wọn, "Kàdírì, Má Pẹ́." Orin ọmọbìnrin tó ń retí olólùfẹ́ rẹ̀ ni. Òun ni àwọn èèyàn máa ń béèrè jù.

Ní ọdún 1971 wọ́n fẹ́ bàbá wa, Olóògbé Ràmọ́nì Ládòkun, awakọ̀ lọ́rì ará Àgọ́-Àrẹ. Wọ́n bá àbúrò bàbá wa nílé, ọmọ kékeré, Kàdírì lorúkọ rẹ̀. Ìyàwó ilé kì í sì í pe orúkọ ọmọ tó bá nílé ọkọ. Màmá sọ ọ́ ní Akọ̀wé, nítorí síléètì kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ń yan gàrí tí wọ́n ń kọ orin yẹn, tí wọ́n bá dé ibi orúkọ, wọ́n á panu dé, wọ́n á fi imú kùn ún. Àwa ọmọ rò pé bí orin náà ṣe rí nìyẹn.

Bàbá ò dá wọn lẹ́kun orin. Wọ́n ń ra gàrí ní Ìgànná, wọ́n ń tà á, ní Sátidé wọ́n á wọkọ̀ lọ kọrin ní Ìbàdàn. Wọ́n lọ sí Mẹ́kà ní ọdún 2004. Ẹnì kan ní kí Alhaja má kọ orin ìfẹ́ mọ́. Wọ́n ní, "Ṣé orin ìkórìíra ni kí n máa kọ?" Àwọn náà ni olórí obìnrin ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa. Wọ́n máa ń jágbe mọ́ ẹni tó bá pẹ́ dé.

Ní ọdún 2023 dókítà ní ọkàn wọn ti rẹ̀, kí wọ́n sinmi orin. Ohun kan ṣoṣo tí Màmá ń fẹ́ ni kí orin wọn wà nínú àwo kan kí ohùn tó lọ. Wọ́n lọ sí sítúdíò Ọ̀gbẹ́ni Gbọ́láhàn ní Ṣakí. Orin kan lóòjọ́, bí agbára bá wà. Wọ́n kọ mẹ́jọ. Ó ku ti Kàdírì.

Gbọ́láhàn ní, "Màmá, ẹ pe orúkọ yẹn, orin náà ti lu níbẹ̀."

Wọ́n ní, "Ẹnu mi kọ́ ni wọn ó ti gbọ́ ọ."

Àwa ọmọ bẹ̀rù pé àwo náà ò ní parí. A ránṣẹ́ sí Kàdírì fúnra wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Kàdírì, tí wọ́n ti di olórí ẹbí. Wọ́n gun ọ̀kadà wá láti Àgọ́-Àrẹ, eruku bo fìlà wọn.

"Ìyàwó wa, mo yọ̀ǹda. Ẹ pè mí kí ayé gbọ́."

Màmá rẹ́rìn-ín. "Akọ̀wé, ẹ jókòó. Ẹ gbọ́ tiyín."

Wọ́n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, láìdúró. Ní gbogbo ibi tí orúkọ yẹn wà, "Akọ̀wé" ni wọ́n fi sí i. Ohùn wọn ti tín-ín-rín, ó sì ń gbọ̀n díẹ̀, ṣùgbọ́n kò já. Bàbá Kàdírì bojú wọn. Gbọ́láhàn ò sọ pé orin náà lu mọ́. Àwo náà jáde ní ọdún 2024, orin yẹn sì ni wọ́n ń gbọ́ jù ní Ṣakí.

Màmá sùn, wọn ò jí mọ́, ní oṣù kẹta ọdún 2025. Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀: Misturat, Ṣùkúrù, àti Abíọ́nà tí wọ́n bí lójú ọ̀nà Ìbàdàn. Wọ́n fi ọmọ-ọmọ mọ́kànlá sílẹ̀, àti Bàbá Kàdírì, tí kò sẹ́ni tó ń pè wọ́n ní Akọ̀wé mọ́.

Ọlọ́run á tẹ́wọ́ gbà yín sí Àlùjáńnà, Màmá. Ẹ sinmi. Ẹ ti kọ ọ́ tán.