Gàrí Pupa Tí Pírínsípà Wa Gbé Síwájú Àwọn Alábẹ̀wò

                                        Àdúgbò Òkè-Odò,
                                        Lálúpọn,
                                        Ìjọba Ìbílẹ̀ Lágelú,
                                        Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
                                        Ọjọ́ Kẹẹ̀ẹ́dógún, Oṣù Kẹta, Ọdún 2025.

Fẹ̀yìntọlá, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ẹ kú ilé o. Gbogbo yín ní Ọlọ́runṣògo ń kọ́? Bàbá Tèmídayọ̀ ń kọ́, ṣé ikọ́ tó ń dà wọ́n láàmú ti lọ? Tèmídayọ̀ àti àbúrò rẹ̀ ń kọ́? Màmá wa ń kọ́, ṣé orúnkún wọn ti ń jẹ́ kí wọ́n rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì? Àwa náà wà níbí, ara le, ooru yìí nìkan ló ń bá wa fínra. Bàbá Olúmidé ní kí n kí ọ, wọ́n ti wà lóko láti àárọ̀. Olúmidé ti ga ju bàbá rẹ̀ lọ báyìí, ẹ̀bà tó sì ń jẹ kò ṣeé fẹnu sọ.

Mo gbọ́ pé wọ́n ti fi ọ́ ṣe pírínsípà ní Ọ̀nà-Àrà. Àbúrò mi, Múyìwá, ló pè mí lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, bí a ṣe ń jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì hó yèè débi pé gbogbo ìjọ yíjú wò mí. O kú oríire o. Ọlọ́run á fún ọ ṣe. Ó yẹ kí n ti pè ọ́ lórí fóònù láti kí ọ, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni inú ti ń bí mi, bí mo bá sì gbé fóònù, igbe ni n óò máa ké sí ọ létí. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó ti bírò àti pépà bíi tìgbà tí a wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Jọ̀wọ́, fara balẹ̀ kà á, nítorí pé ipò tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ dé gan-an lọ̀rọ̀ náà kàn.

Ọ̀rọ̀ pírínsípà wa ni, Ọ̀gbẹ́ni Fọlọ́runṣọ́. Mo mọ̀ pé ó jù mí lọ dáadáa, ṣùgbọ́n n kò ní pè é ní "wọn" nínú ìwé yìí. "Ó" ni n óò máa pè é títí inú mi yóò fi rọ̀.

O mọ̀ pé èmi ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 àti SS3 ní ẹ̀kọ́ ìdáṣẹ́sílẹ̀, bí èèyàn ṣe ń dá òwò tirẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, inú ìwé nìkan ni a ti ń kà á: kí ni òwò, ta ni oníṣòwò, ẹ dà á kọ. Ọmọ tó ti ń bá ìyá rẹ̀ tajà láti ọmọ ọdún mẹ́fà ni mo ń sọ ìtumọ̀ òwò fún! Ojú tì mí. Mo bá lọ bá Ìyá Sàníù, ìyá àgbà kan tó ní ilé gàrí lẹ́yìn ilé-ìwé wa, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ máa wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n gbà, wọn ò sì gba ohunkóhun lọ́wọ́ wa. Àwọn ọmọ gbin ẹ̀gẹ́ sẹ́yìn kíláàsì. Nígbà tó gbó, wọ́n fà á tu, wọ́n bó o, wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀rọ, wọ́n dì í sápò, wọ́n gbé òkúta lé e fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n yan án, wọ́n sì tà á.

Ọmọ-ọmọ Ìyá Sàníù kan wà láàárín wọn, Hàjàrá lorúkọ rẹ̀, SS3 ló wà. Òun ni olórí wọn. Ọmọ náà ò dúró lórí yíyan nìkan o. Òun ló ń lọ bá àwọn tó ra gàrí wa tẹ́lẹ̀, tó ń bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò padà wá. Òun ló ní ká máa ya èyí tó kúnná sọ́tọ̀ fún mímu, ká ya èyí tó rí hóró-hóró sọ́tọ̀ fún ẹ̀bà, nítorí pé ohun tí àwọn tó ń rà á sọ fún un nìyẹn. Fẹ̀yìntọlá, ìyẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ náà. Kò sí nínú ìwé kankan tí mo ní.

Oṣù Kẹsàn-án ni Fọlọ́runṣọ́ dé sí ilé-ìwé wa. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè é pé kó wá wo oko ẹ̀gẹ́ àwọn ọmọ, ó ní bàtà òun á bàjẹ́. Ó lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta kan lórí bí pírínsípà ṣe lè jẹ́ aṣáájú rere, ohun tó sì mú bọ̀ níbẹ̀ kò ju bánà ńlá kan tí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sí. Ó gbé e kọ́ sẹ́nu géètì. Ìgbà tó gbọ́ pé àwọn alábẹ̀wò ń bọ̀ wá wo bí a ṣe ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìdáṣẹ́sílẹ̀ ló tó rántí pé a ń yan gàrí. Ó wá wò ó, ó fọwọ́ rú u, ó yínmú. Ó ní iná ti ra á níbì kan, pé ọ̀rá tí a fi dì í rí jákujàku, pé òun ò lè jẹ́ kí àlejò rí irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀. Ó ní ká kó o sí yàrá tí a ń kó àga tó ti kán sí.

Nígbà tí mo dé ilé-ìwé láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, gàrí mìíràn ni mo bá lórí tábìlì. Ó ti rà á ní ìgboro Ìbàdàn, ó ti fi ọ̀rá tó ń dán dì í, ó sì tẹ orúkọ ilé-ìwé wa sí i lára. Àwòrán ta ni o rò pé ó wà lábẹ́ orúkọ náà? Tirẹ̀ ni! Ó ń rẹ́rìn-ín múṣẹ́ lára ọ̀rá gàrí bí ọkọ ìyàwó. Bí kì í bá ṣe pé inú ń bí mi ni, n bá rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú mi. Ṣùgbọ́n wo ohun tí ẹni tí kò tẹsẹ̀ bọ ilé gàrí rí rà bọ̀: gàrí pupa! Gàrí elépo, irú èyí tí wọ́n ń kó bọ̀ láti ọ̀nà Bìní. Ní Lálúpọn níbí! Ta ló ń da epo sí gàrí lọ́dọ̀ wa? Ọmọ ọdún mẹ́rin mọ̀ pé funfun ni tiwa.

Mẹ́ta ni àwọn alábẹ̀wò tó dé láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọ̀kan nínú wọn, màmá kan tó sọ fún wa pé ọmọ Ẹ̀rúnmu lòun, mú ọ̀rá kan, ó wò ó, ó tún un wò. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìgbà wo lẹ da epo sí i, ṣé kẹ́ ẹ tó gbé e kaná ni, àbí orí iná?" Gbogbo àwọn ọmọ yíjú wo Hàjàrá. Ọmọ náà ń gbààwẹ̀, ètè rẹ̀ ti gbẹ. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Àwa ò da epo sí tiwa. Tiwa wà nínú yàrá tí wọ́n ń kó àga sí. Ẹ jẹ́ kí n lọ gbé e wá."

Fọlọ́runṣọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí àwọn àlejò má dá a lóhùn, pé ó ti pẹ́ tí ọmọ yẹn ti ń purọ́. Ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Mísìs Ọlálẹ́yẹ, ẹ̀yin lẹ kọ́ wọn. Ṣé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ wa kọ́ lèyí?"

Mo ní, "Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni, sà."

Ẹnu èmi Mojíbọ́lá ló sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Ìgbéga tí mo ti ń retí láti ọdún méjì ni mo rò, pé òun ni yóò fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù mi, kí n sì tó rò ó tán, irọ́ ti jáde. Hàjàrá wò mí. Kò sunkún. Ó dìde, ó padà sí àyè rẹ̀. Màmá alábẹ̀wò náà kọ nǹkan sínú ìwé.

Bí ọkọ̀ àwọn àlejò ṣe yà kúrò, Fọlọ́runṣọ́ ní kí ọmọ tó ń gbààwẹ̀ lọ kúnlẹ̀ sínú oòrùn níwájú asẹ́ńbílì. Ó wà níbẹ̀ láti aago mọ́kànlá títí di aago kan. Lọ́jọ́ kejì, ó kọ lẹ́tà pé kí Hàjàrá lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí pé ó purọ́ mọ́ ilé-ìwé. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yìí gan-an sì ni wọ́n máa ṣe ìdánwò àfọwọ́ṣe fún ẹ̀kọ́ náà! Bí kò bá ṣe é, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ọmọ tó mọ iṣẹ́ náà jù mí lọ! Ẹni méjì ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí lẹ́tà yẹn, pírínsípà àti tíṣà tó ṣe ẹlẹ́rìí. Ó ti fọwọ́ sí tirẹ̀. Ó ní kí n fọwọ́ sí tèmi kó tó di ọjọ́ Ajé.

Lánàá, lẹ́yìn Jímọ̀, Ìyá Sàníù wá sílé mi. Mo ti múra de èébú, ṣùgbọ́n wọn ò bú mi. Wọ́n jókòó, wọ́n ní, "Tíṣà, Hàjàrá ní ẹ wà níbẹ̀. Mo ní irọ́ ni. Mo ní ká ní Tíṣà wà níbẹ̀ ni, wọn ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè ọ́ lónírọ́. Ṣé lóòótọ́ lẹ wà níbẹ̀?" Mo ní mo wà níbẹ̀, mà. Wọ́n ní, "Ó dáa," wọ́n sì dìde lọ. Ì bá sàn kí wọ́n gbá mi létí.

Ìwọ náà ti di pírínsípà báyìí, ìdí tí mo fi ń kọ gbogbo èyí sí ọ nìyẹn. Má gbé bánà kankan kọ́. Lọ sínú oko àwọn ọmọ rẹ, kí bàtà rẹ bàjẹ́. Bí gàrí wọn bá jóná, gbé èyí tó jóná náà síwájú àlejò, kí o ní àwọn ọmọ wa ló yan án, wọ́n ṣì ń kọ́ ọ ni. Bí tíṣà rẹ kan bá sì tètè dá ọ lóhùn pé "Bẹ́ẹ̀ ni, mà," tún un bi, ó lè jẹ́ pé ẹ̀rù rẹ ló ń bà á. Bí mo bá gbọ́ pé o ṣe irú èyí sí ọmọ ọlọ́mọ, n óò wá bá ọ ní ọ́fíìsì rẹ, ojú gbogbo ayé sì ni n óò ti bá ọ jà. O mọ̀ pé n kì í ṣeré.

Bá mi kí Bàbá Tèmídayọ̀ àti àwọn ọmọ. Kí Màmá fún mi, ṣùgbọ́n má tíì sọ ohun tí mo ṣe fún wọn, n óò wá sọ ọ́ fún wọn fúnra mi. Bàbá Olúmidé ní kí n rọra, pé ìgbéga mi ló ń lọ yẹn. Kó máa lọ.

N kò fọwọ́ sí lẹ́tà náà, n kò sì ní fọwọ́ sí i. Mo ti ránṣẹ́ sí Ìyá Sàníù pé kí wọ́n fi yúnífọ́ọ̀mù wọ Hàjàrá lọ́jọ́ Ajé, kí wọ́n fúnra wọn mú un wá. Bí àwọn ọmọ bá ti kọrin tán ní asẹ́ńbílì, n óò jáde síwájú gbogbo wọn, n óò kúnlẹ̀ síbi tí ọmọ yẹn kúnlẹ̀ sí, n óò sì sọ fún wọn pé èmi tíṣà wọn ni mo purọ́.

Èmi náà ni, Mojí rẹ,

Mojíbọ́lá Ọlálẹ́yẹ.