Ìyé Ti Páàsì

Bàbá mi, olùkọ́ mi àkọ́kọ́, mo kí yín, òkun o.

Ara Ìyé ti yá. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ìyẹn ná kí n tó bẹ̀rẹ̀ àlàyé, nítorí mo mọ̀ yín: bí ènìyàn bá ti ń fa ọ̀rọ̀ gùn, ẹ ó ní kó yára sọ èyí tó ṣe pàtàkì. Èyí tó ṣe pàtàkì nìyẹn. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ìyàwó yín, ìyá wa, níbí ní Kàbà, ó sì yè é. Ó ti kúrò ní ọsibítù, ó ti ń jẹun, ó ti ń rìn. Láàárọ̀ yìí ó bá ìyàwó Dáre, àbúrò mi, jà nítorí pé iyọ̀ kò tó nínú ọbẹ̀.

Iwájú ilé yín ni mo jókòó sí tí mo ń kọ̀wé yìí. Ọsàn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo fẹ́ bó o bí ẹ ṣe máa ń bó o, tí èèpo rẹ̀ á gùn bí okùn láì já. Ó ti já lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ kò kọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa, a kàn ń wò yín ni, a rò pé wíwò ti tó. Mo tún rántí bí ẹ ṣe máa ń fi bírò pupa sàmì sí lẹ́tà tí mo bá kọ sí yín láti ilé ìwé, tí ẹ ó sì dá a padà sí mi pẹ̀lú èsì yín. Inú máa ń bí mi nígbà náà. Mo máa ń bi ara mi pé ọmọ yín ni mí ni, àbí akẹ́kọ̀ọ́ yín. Ní báyìí, Bàbá, ẹ kò mọ ohun tí mo lè san láti rí àmì pupa kan péré gbà lọ́wọ́ yín.

Ọ̀rọ̀ òyìnbó kan ni mo wá bá yín sọ, torí ẹ̀yin lẹ fi hàn mí.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ kọ páàsì sójú pátákó? Ìwé karùn-ún ni mo wà, ẹ̀yin sì ni tíṣà wa. N kò gbọdọ̀ pè yín ní Bàbá títí agogo ilé á fi lù. Ẹ ní kí oníkálukú sọ ohun tó mọ ọ̀rọ̀ náà sí. Ẹnìkan ní ìdánwò ni wọ́n ń páàsì. Ọmọkùnrin kan tó fẹ́ràn eré ní rárá o, bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń páàsì fún ẹlòmíràn. Èmi ní òyìnbó máa ń sọ ọ́ nídìí oúnjẹ tó bá fẹ́ kí wọ́n na iyọ̀ sí òun. Mo kà á nínú ìwé. Ẹ̀yin wá fi kún un pé ọkọ̀ tó ń kọjá lọ ń páàsì, àkókò ń páàsì, ìrora ń páàsì, òfin tí àwọn aṣòfin bá sì fọwọ́ sí, wọ́n ti páàsì rẹ̀ nìyẹn. Ṣọ́ọ̀kì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lọ́wọ́ yín, ẹ ṣì ń kọ. Ni mo bá béèrè pé, báwo wá ni ènìyàn ṣe ń mọ èyí tí wọ́n ń wí?

Ẹ ní, “Má bi ọ̀rọ̀ pé kí ni ìtumọ̀ rẹ. Bi í pé, ìwọ àti ta lẹ jọ ń bọ̀?”

Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi. Mo kọ ọ́, ṣùgbọ́n n kò lò ó.

Ohun kan wà tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni láti ọdún mẹ́fà, kódà n kò sọ ọ́ fún ọkọ mi. Ọjọ́ tí ẹ fi wá sílẹ̀ ni. Lọ́sẹ̀ yẹn, gbogbo wa ló mọ̀ pé ẹ fẹ́ lọ sí Lọ́kọ́jà fún àyẹ̀wò ìwé àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹ ti to ìwé yín sínú fáìlì, ẹ sì ń dààmú pé wọn ò ní í gba ọ̀kan nínú wọn torí pé omi ti kán sí i. Ìyẹn ló wà lọ́kàn mi lówùúrọ̀ ọjọ́ náà ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Ìsánlú, bí mo ti ń gé aṣọ ìyàwó kan. Ni fóònù mi bá dún. Dáre àbúrò mi ló fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Ẹ mọ̀ pé òyìnbó ni àwa méjèèjì fi máa ń kọ̀wé síra wa. Ẹ̀yin lẹ mọ́ wa lára. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni: “Papa has passed.”

Inú mi dùn. Mo rò pé ẹ ti páàsì àyẹ̀wò náà, pé wọ́n ti gba ìwé yín. Kò tilẹ̀ sọ sí mi lọ́kàn pé ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ ni, pé ẹ kò tí ì lè dé Lọ́kọ́jà. Mo dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀: Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Bàbá ti gbìyànjú gan-an. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ sinmi wàyí. Ẹ pa adìyẹ!

Mo padà sídìí aṣọ mi, mo ń kọrin. Orin ni mo ń kọ, Bàbá, nígbà tí ọkọ mi wọlé, tó gba sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́ mi, tó sì sọ fún mi pé ẹ ti kú lórí àga yín níbi tí ẹ ti ń de okùn bàtà.

Mo pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ kúrò nínú fóònù tèmi, ṣùgbọ́n ti Dáre ńkọ́? Níbi ìsìnkú yín, n kò lè wo ojú rẹ̀. Òun náà kì í wo tèmi. Ọdún mẹ́fà la fi ń kí ara wa bí àlejò. Mo gbà pé ó kà mí sí ọmọ tó ní kí wọ́n pa adìyẹ nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Báwo ni ènìyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀?

Oṣù tó kọjá ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run Ìyé. Ó fi í pamọ́, bí ìṣe rẹ̀. Nígbà tí ikùn rẹ̀ wú, tí kò lè yàgbẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin, tó sì ń bì, Dáre gbé e lọ sí ọsibítù. Wọ́n ní ìfun rẹ̀ ti lọ́ mọ́ra, àfi kí àwọn là á. Mo dé lọ́jọ́ náà. Èmi àti Dáre jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, ó wà ní ìpẹ̀kun kan, mo wà ní èkejì, títí dókítà fi jáde tó ní ó ti parí.

Nígbà tí ojú Ìyé là, omi ló kọ́kọ́ béèrè.

“Ọmọ mi, fún mi lómi. Díẹ̀ péré.”

Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ pé omi kò gbọdọ̀ kan ẹnu rẹ̀. Mo ní, “Ìyé, ẹ ṣe sùúrù.” Ó yí ojú sí ògiri. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo ní láti padà sí Ìsánlú sọ́dọ̀ àwọn ọmọ mi, n kò sì dúró gbọ́ ohun tí dókítà sọ nígbà tó wá yẹ̀ ẹ́ wò. Àṣìṣe mi nìyẹn.

Ní ọjọ́ kẹta, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, fóònù dún. Dáre ni. “Mama has passed.”

Bàbá, lọ́tẹ̀ yìí mo ti mọ èdè. Ẹ̀yin lẹ fi ikú yín kọ́ mi. N kò béèrè ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá rìn. Mo pe Dáre, fóònù rẹ̀ ti kú. Mo tún un pè, kò lọ. Mo jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn ègé aṣọ. Obìnrin tó ń ta èlùbọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló so ìró mi, tó ti ṣọ́ọ̀bù, tó sì fà mí dé gáréèjì. Ó sọ fún awakọ̀ kan pé ìyá mi kú ní Kàbà. Ọkùnrin náà, tí n kò rí rí, kò dúró kí ọkọ̀ rẹ̀ kún. Èrò méjì péré ló gbé, ó sì gbéra.

Láti Ìsánlú dé Mọ̀pà, láti Mọ̀pà dé Ayétòrò, ohun kan ṣoṣo ló ń yí lórí mi: omi. Ìyá mi béèrè omi lọ́wọ́ mi, mo ní kó ṣe sùúrù. Ohun ìkẹyìn tó fẹ́ láyé lọ́wọ́ mi, n kò fún un. Mo bẹ̀ yín nínú ọkọ̀ yẹn pé kí ẹ fún un lómi tó bá dé. Ṣé ẹ gbọ́? Ariwo ni mo fi sọ ọ́, awakọ̀ sì ń wò mí nínú díńgí.

Mo sáré wọ inú wọ́ọ̀dù. Wọ́n ti ká aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kúrò. Fóòmù lásán ló wà níbẹ̀. Mo figbe ta, mo wó lu bẹ́ẹ̀dì náà, mo ń pè é ní gbogbo orúkọ tó ń jẹ́.

Ni mo bá gbọ́ ohùn kan láti ọ̀nà ẹ̀yìn.

“Ta ló kú o? Ta ló ń ké bẹ́ẹ̀ yẹn?”

Ìyé ni, Bàbá. Ó di èjìká Dáre mú, ó ń rìn bí ọmọ tó ń kọ́ ẹsẹ̀, ó mú ife ẹ̀kọ mímu dání. N kò mọ ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo fọwọ́ kan ojú rẹ̀, mo fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ó gbóná.

“Dáre, o ní wọ́n ti páàsì! O kọ ọ́ sí mi!”

“Wọ́n páàsì kẹ̀!” Ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí ojú mi, ẹ̀rín náà gbẹ. “Yéè, Ẹ̀gbọ́n. Dókítà ló ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tó bá wá, á ní, ṣé Màmá ti páàsì? Nọ́ọ̀sì á ní wọn ò tí ì páàsì. Wọ́n ní wọn ò gbọdọ̀ fẹnu kan nǹkan kan àfi tí wọ́n bá páàsì. Nígbà tí wọ́n wá páàsì láàárọ̀ yìí, gbogbo wọ́ọ̀dù pàtẹ́wọ́, mo sì yára kọ ọ́ sí yín kí iná fóònù mi tó tán.”

“Wọ́n páàsì kí ni, Dáre?”

Ó wolẹ̀. Ìyé ló dá mi lóhùn.

“Mo só,” ni ó wí, pẹ̀lú ìgbéraga. “Ó dún dáadáa. Wọ́n ní ìfun mi ti là.”

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú mi, obìnrin orí bẹ́ẹ̀dì kejì ń rẹ́rìn-ín, Ìyé di ikùn mú, ó ń bẹ̀ wá pé kí a má pa òun lẹ́rìn-ín, ojú abẹ òun ń dun òun. Dáre nìkan ni kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ń wò mí, tààrà, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà ìsìnkú yín.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ dárí jì mí,” ó ní. “Ẹlẹ́ẹ̀kejì rèé. Ti Bàbá náà, ó yẹ kí n pè yín ni. Irú ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tẹ̀ ránṣẹ́. Láti ọjọ́ náà ni ojú ti ń tì mí lọ́dọ̀ yín.”

Ojú ń ti òun! Mo ní èmi ni ojú ń tì, nítorí èsì tí mo kọ. Kí n tó parí ọ̀rọ̀ ni Ìyé gbà á lẹ́nu mi.

“Èsì yẹn! Èsì yẹn ló gbé mi dúró lọ́jọ́ náà.”

Ó wá sọ ọ́. Ó ní ẹsẹ̀ yín ni òun dì mú, òun ń ké, òun kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé yín. Fóònù Dáre dún, òun bi í pé kí ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. Dáre tú u fún òun: ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, Bàbá ti gbìyànjú gan-an, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ sinmi. Ó ní òun dákẹ́. Òun fi ọwọ́ ara òun pa ojú yín dé, òun sì ní kí wọ́n máa gbé yín lọ. Láti ọdún mẹ́fà ló ti ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì fún àwọn opó ẹgbẹ́ rẹ̀ pé àkọ́bí òun ló kọ́ òun bí a ṣe ń jọ̀wọ́ ẹni tó bá ń lọ.

Dáre kò tú ti adìyẹ. Ó ti mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé mo ṣì í gbọ́ ni.

N kò lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo sọ òtítọ́ fún Ìyé, àti ti àyẹ̀wò, àti ti adìyẹ. Ó gbé ife rẹ̀ sílẹ̀.

“Bàbá rẹ gbìyànjú, àbí kò gbìyànjú?”

“Ó gbìyànjú, Ìyé.”

“Ó yẹ kó sinmi, àbí kò yẹ?”

“Ó yẹ.”

“Kí wá ni irọ́ níbẹ̀?” Ó tún gbé ife rẹ̀, ó mu ún. “Ohun tí mo gbọ́ ni mo gbọ́. Ẹnikẹ́ni kò lè gbà á lọ́wọ́ mi mọ́.”

Láti ọjọ́ náà, ara mi fúyẹ́, Bàbá. Dáre máa ń pè mí láràárọ̀. Ó ti búra pé òun kò ní í tẹ ìròyìn kankan ránṣẹ́ sí mi mọ́. Àná ni a jọ jókòó níbí di ìrọ̀lẹ́, à ń sọ̀rọ̀ yín. Ó sọ ohun tí n kò mọ̀ fún mi: pé ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́ kí ẹ tó lọ. Ṣé lóòótọ́ ni? Àbí ó fi ń tù mí nínú ni? N kò bi í. Mo gbà á.

Ìyé yọjú lójú fèrèsé nísinsìnyí, ó ní ta ni mò ń kọ̀wé sí láti àárọ̀. Mo ní ẹ̀yin ni. Kò rò pé orí mi dàrú. Ó ronú díẹ̀, ó sì ní kí n kí yín. Ó ní kí ẹ má tí ì dìde ṣílẹ̀kùn fún òun, iṣu òun ṣì wà lórí iná.

Èmi ni, ọmọbìnrin yín, tí ìfẹ́ yín kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.