Ẹlẹ́rìndòdò Tí Wọ́n Fi Ń Kí Ọkọ Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ewé yìí, ọ̀rọ̀ ti kọjá agbára mi, ẹ bá mi dá sí i. Ẹ má fi orúkọ mi síta o, torí ní Treichville tí mò ń gbé, nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé yìí, a mọ ara wa jù. Ọkọ mi ń ṣàìsàn, mo mọ ohun tó ń dá kún àìsàn náà, ojú mi ni wọ́n ṣe ń gbé e wọlé, èmi náà ni mo sì ń ṣí i fún un mu... mi ò sì lè sọ̀rọ̀.

Ará Ìgbòho ni bàbá àwọn ọmọ mi, aṣọ ló ń tà ní ọjà Adjamé, òun náà ló ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí àwọn èèyàn wa. Ibí ni wọ́n bí èmi sí, èmi ni mo gbọ́ Faransé jù, nítorí náà èmi ni mo máa ń bá a wọlé sọ́dọ̀ dókítà. Nígbà tí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tó pọ́n, tí kò lè fi tẹlẹ̀, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní acide urique ti pọ̀ jù níbẹ̀, ìdọ̀tí kan tó yẹ kéèyàn máa tọ̀ dànù. A rò pé ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ lásán ni, a pa ẹran tì, a pa ṣàkì tì. Àfi ìgbà tí wọ́n ya àwòrán ikùn rẹ̀ tí wọ́n ní ọ̀rá ti kún ẹ̀dọ̀ rẹ̀.

Mo bi dókítà pé kí ló pa ẹsẹ̀ àti ẹ̀dọ̀ pọ̀. Ó ní acide urique yẹn kì í yọ oríkèé nìkan lẹ́nu, tó bá ti pọ̀ jù, ẹ̀dọ̀ náà á máa kó ọ̀rá jọ, kò sì ní lè jó o bó ṣe yẹ. Ó ní sucrerie, àwọn ẹlẹ́rìndòdò tí gbogbo wa ń mu yìí, ló burú jù fún un, torí bí ẹ̀dọ̀ bá ṣe ń fọ́ ṣúgà inú rẹ̀ ni acide urique mìíràn tún ń jáde... ìkan ń ti ìkejì. Ó ní tó bá jáwọ́ ńbẹ̀ báyìí, ọ̀rá náà ṣì lè yọ́. Tá a bá fi ṣeré, ẹ̀dọ̀ lè bàjẹ́ kọjá àtúnṣe.

Nínú takisí tá a wọ̀ bọ̀ wálé ló ti ní kí n búra pé mi ò ní sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo búra, mo fi Kùránì búra. Ẹ ṣáà mọ̀ pé lọ́dọ̀ tiwa, tí wọ́n bá ti gbọ́ ẹ̀dọ̀, ọtí ni. Bàbá kan wà ládùúgbò wa tí ẹ̀dọ̀ ń dùn, títí wọ́n fi sin ín ni wọ́n ń sọ pé ó ń yọ́ lọ mutí ní Zone 4. Ọkọ mi ò tọ́ bíà wò rí láyé ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ jókòó gbọ́ àlàyé acide urique? Ó ní ta ló máa dáhùn ìpè ìrun lẹ́nu ẹni tí wọ́n ń pè ní ọ̀mùtí? Nítorí náà, ẹsẹ̀ là ń sọ fún wọn. Ẹsẹ̀ nìkan.

Àwọn èèyàn wa náà kì í kí aláìsàn lọ́wọ́ òfo. Páálí sucrerie nìyí, mọ́ọ̀tì nìyí, wọ́n ní ó ń fúnni lẹ́jẹ̀. Wọ́n á jókòó tì í títí á fi mu ún, kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Mo ti purọ́ pé inú ń run ún... ọjọ́ kejì, òmíràn ni wọ́n tún gbé wá, torí wọ́n gbọ́ pé àìsàn ti le sí i. Kí ni kí n ṣe sí irú ìyẹn?

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tó kọjá, àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí wá. Ọ̀kan nínú wọn ní àwọn kan rí i lẹ́nu ọ̀nà dókítà tó ń wo ẹ̀dọ̀, ṣé kò sí nǹkan o? Ẹ̀rù bà mí. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ó ní kí n gbé ìgò kan wá, ó mu ún tán lójú wọn, ó tún béèrè òmíràn, ó ní èyí nìkan ni ọtí tóun mu rí. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, wọ́n ṣàdúà, wọ́n lọ. Kó tó di ọjọ́ Àìkú, ẹsẹ̀ ti tún wú. Mo bẹ̀ ẹ́, mo sunkún, ó ní kí n fi òun sílẹ̀. Àṣé ẹlẹ́rìndòdò yẹn ló fi ń jẹ́rìí ara ẹ̀ báyìí pé òun kì í ṣe ọ̀mùtí. Kò lè ṣíwọ́ mọ́.

Ẹ gbà mí, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n lọ bá ìmáàmù, kí n da ìbúra mi, kí ọkọ mi má sì dárí jì mí láéláé? Àbí kí n dákẹ́, kí n máa ṣí ìgò fún un lọ? Mo fẹ́ràn ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ di opó. Ẹ tètè dá mi lóhùn, àwọn ará Ṣakí tí òun àti wọn jọ ń tajà ti ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá kí i lọ́la, mo sì mọ ohun tí wọ́n máa gbé dání.