Ẹja Sìmẹ́ńtì Orí Kànga Wa

Àǹtí Olútóyìn, ẹ kú iṣẹ́ orí rédíò, ẹ kú sùúrù pẹ̀lú àwa olùgbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ìlú òyìnbó ni mo ti kàwé. Bàbá àgbà mi ni wọ́n ń kọ́ mi ní Yorùbá kíkọ láràárọ̀, ẹjọ́ wọn náà ni mo sì wá rò yìí.

Àwọn ni alága ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa ní Ìgàndò. Ẹgbẹ́ ní àwọn fẹ́ tún àdúgbò ṣe. Àtúnṣe ọ̀hún rèé: wọ́n da yẹ̀pẹ̀ dí kànga tí gbogbo wa ti ń pọn omi, wọ́n wá mọ ẹja sìmẹ́ńtì lé e lórí. Wọ́n ní ẹja á máa tu omi lẹ́nu. Omi dà? Ẹnu ẹja gbẹ bí ẹnu aláàwẹ̀! Ìyá Mubarakah, arúgbó ẹni ọgọ́rin ọdún, ló wá ń ru kẹ́ẹ̀gì omi sọdá títì.

Mo bi bàbá àgbà léèrè ìdí rẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín: "Ọmọ òyìnbó, ṣebí ẹ̀yin lẹ fẹ́ràn ẹwà?"

Ẹwà kẹ̀! Ẹja pupa fòò tí ojú rẹ̀ kan tóbi ju ìkejì lọ!

Sátidé ni wọ́n máa ṣí i. Wọ́n ní èmi ni kí n ka ọ̀rọ̀ ìyìn, torí mo ń fọ Gẹ̀ẹ́sì ránmú. Bí mo bá kọ̀, bàbá àgbà ní ẹ̀kọ́ Yorùbá mi parí nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, iwájú gan-an ni Ìyá Mubarakah máa jókòó sí. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn jàre: ojú wo ni kí n fi wo ìyá náà?