Okùn Láti Igun Dé Igun

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ni mí, n ò gba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀pá tí mo fi ń wọn àlàfo kòkó ni mo fi wọn ṣaṣí, irin ìsàlẹ̀ ọkọ̀ tí màá fi máa kó ẹyìn láti Ajue wọ Ore. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì dọ́gba. Àfi ìgbà tí mo na okùn láti igun dé igun tó kọjú sí i lónìí, lọ́nà méjèèjì, ọ̀kan gùn ju èkejì lọ. Ó ti wọ́.

Akin, àbúrò mi tó jó irin náà, bú sẹ́rìn-ín. “Mo ti rí i tipẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n panu mọ́?”

Ó rí i, ó tún kùn ún lọ́dà. Ọmọ ìyá mi!

Mo bá a ṣán oko kòkó rẹ̀ l'Áràrọ̀mí, kò wá bá mi ṣán tèmi títí dòní. N ò fẹ́ àdá rẹ̀ mọ́. Kó gbé ẹ̀rọ ìjórin wá láàárọ̀ ọ̀la, kó gé e, kó tún un jó.

Kó san àáró mi.