Obìnrin Tó Kọjá Lẹ́yìn Ọba

                                        Àpótí Lẹ́tà 212,
                                        Ìjẹ̀bú-Òde,
                                        Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                                        11 Oṣù Kẹta, 1985.

Olúyọmí, ọ̀rẹ́ mi àtijọ́,

Láti ọjọ́ tí a ti tẹ ìlú Ìjẹ̀bú-Òde dó, kò tíì sí ohun tó wọ inú rẹ̀ tó tó sinimá tó dé síbí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹni tí kò bá tíì wò ó, kó má tíì kú o, nítorí kò ní rí nǹkan sọ fún àwọn tó ti lọ ṣáájú.

Bí Ọ̀gbẹ́ni Gbàdàmọ́sí, tó ni fíìmù náà, ṣe wí nìyẹn. N kò fi kún un, n kò yọ níbẹ̀. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn ló fi ń sọ ọ́ láti orí mọ́tò, ó sì gba iwájú ilé mi kọjá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, nítorí náà mo ti mọ̀ ọ́n sórí bí a ṣe ń mọ kátíkísìmù. Mo ní kí n kọ́kọ́ jẹ́ iṣẹ́ náà fún ọ kí n tó kí ọ, kí ìwọ náà má baà kú láìmúra sílẹ̀.

Ó yá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà ni Oǹdó wà? Matilda ńkọ́, ṣé orúnkún rẹ̀ ti gbà kí ó máa gun òkè ṣọ́ọ̀ṣì láìdúró lọ́nà? Àwọn ọmọ ńkọ́, àwọn ọmọ ọmọ ńkọ́? Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́, ṣé o ṣì ń fi gègé pupa tún ìwé ìròyìn ṣe? Ní tèmi, ara le. Ojú nìkan ló kù díẹ̀ káàtó. Wọ́n ṣe gíláàsì tuntun fún mi ní Ìbàdàn, mo sì máa ń gbàgbé rẹ̀ sílé. Fi ìyẹn sọ́kàn, yóò wúlò níwájú.

Nígbà tí Yétúndé ọmọ mi wá kí mi ní Kérésì, ó ní ilé yìí ti dákẹ́ jù láti ìgbà tí ìyá òun ti lọ, kí n wá nǹkan máa ṣe. Mo ti wá a. Sinimá ni mo ń lọ. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀, nínú gbọ̀ngàn tó wà lẹ́yìn ọjà. Ta ni o rò pé ó ń yí ẹ̀rọ wọn? Albert! Albert tí èmi àti ìwọ jọ ṣe tíṣà rẹ̀ ní Odògbolú, èyí tí kì í parí iṣẹ́ àṣetiléwá. Ó ti hu irùngbọ̀n. Síbẹ̀, bó bá rí mi, á sọ sìgá nù.

Fíìmù Íńdíà ni mo kọ́kọ́ wò. Wákàtí mẹ́ta gbáko, kò sì sí ẹnì kan nínú gbọ̀ngàn tó gbọ́ èdè wọn. Kúbúrátù, aládùúgbò mi tó ń ta kẹrosíìnì, kò gbọ́ ọ náà, ṣùgbọ́n ìyẹn kò dá a dúró. Ìjókòó iwájú ló wà, ó ń túmọ̀ fún gbogbo wa.

"Ìyá ọkọ ẹ̀ nìyẹn! Ẹ wojú ẹ̀, ìkà ni!"

Ẹnìkan pariwo láti ẹ̀yìn pé ta ló sọ fún un.

"Ṣé èmi ò ní ìyá ọkọ ni?"

Nígbà tí fíìmù fi máa parí, ìyá ọkọ ni obìnrin náà lóòótọ́, ìkà sì ni. Mo fún Kúbúrátù ní máàkì mẹ́wàá nínú mẹ́wàá. Ọkùnrin tí eré dá lé lórí gba ọta ìbọn mẹ́ta sáyà, ó sì kọ orin ẹlẹ́sẹ mẹ́fà, tòun tijó, kí ó tó gbà láti kú. Mo kọ́kọ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di ẹsẹ kẹrin, mo rí i pé mo ń wá áńkáṣíìfù. Àwọn ènìyàn yẹn mọ iṣẹ́ wọn.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ti àwọn ará Ṣáínà. Arúgbó alásè kan ni, ogójì ọkùnrin wá ká a mọ́ ilé ìdáná. Ohun tí mo yìn jù níbẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ilé àwọn ogójì náà: kò sí èyí tó lù ú títí ẹni tó wà níwájú rẹ̀ fi ṣubú tán. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe tíṣà, n kò rí kíláàsì kan tó tò bẹ́ẹ̀ rí. Ọmọrógùn ni arúgbó náà fi nà wọ́n, ó sì padà sídìí ọbẹ̀ rẹ̀ kí ó tó jóná. Mo pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta mí. Lọ́jọ́ kejì mo gbé ọmọrógùn tiwa sókè nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sí nílé. Èjìká ṣì ń dùn mí di òní.

Ìgbà náà ni Gbàdàmọ́sí gbé fíìmù tirẹ̀, Ìbínú Arógundádé, dé. O mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe fíìmù Yorùbá wọ̀nyí: ẹyọ kan ṣoṣo ló wà, kò ní èkejì láyé. Ẹni tó ṣe é ló ń gbé e kiri láti ìlú dé ìlú nínú agolo pẹrẹsẹ mẹ́rin, kò sì ní jẹ́ kí ó kúrò lójú òun. Gbàdàmọ́sí ń jẹun tòun ti agolo lẹ́gbẹ̀ẹ́. Òun ló kọ eré náà, òun ló darí rẹ̀, òun ló ṣe ọba inú rẹ̀, òun náà ló tún ń já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà, pẹ̀lú adé lórí.

Ọjọ́bọ̀ ni mo lọ wò ó, mo sì gbàgbé gíláàsì sílé. Kò dí mi lọ́wọ́ púpọ̀, nítorí ọba náà tóbi. Ìtàn ayé àtijọ́ ni, kí òyìnbó tó dé rárá. Arógundádé dúró lójú ọ̀nà, àwọn ìjòyè dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ń fi ara rẹ̀ wé iná, ó ń fi ara rẹ̀ wé òkun. Olúyọmí, ọkùnrin náà mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ó ń sọ Yorùbá bí ìgbà tí bàbá mi àgbà bá jókòó lẹ́yìn oúnjẹ. Mo ti tẹ́ ara sílẹ̀ tí mo ń gbádùn rẹ̀ kí n tó rí nǹkan aláwọ̀ ewé kan tó ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀. Mo ṣẹ́jú, mo tún wò ó. Agboòrùn! Agboòrùn, kí òyìnbó tó dé! Obìnrin kan ló gbé e, ó gba ẹ̀yìn ọba láti ọwọ́ ọ̀tún lọ sí ọwọ́ òsì, kò yára, kò dúró, kò kí ẹnikẹ́ni. Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

"Kábíyèsí, ẹ wẹ̀yìn o!"

O mọ̀ mí. Iná kò tíì tàn tán tí mo ti dé ọ̀dọ̀ Gbàdàmọ́sí. Mo yin iṣẹ́ rẹ̀, mo sì wá sọ àléébù rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ní agboòrùn yẹn kò bójú mu, mo ní ó ń ba ìtàn jẹ́, mo ní kí wọ́n gé e kúrò. Mo sọ nípa ojúṣe òǹkọ̀tàn sí àwọn ọmọ tí a kò tíì bí. Bẹ́ẹ̀ ni, mo sọ ọ́. Ọba ṣí adé fún mi. Ó ní lọ́jọ́ tí àwọn yà á ní Ìmùṣin, ní oṣù kejì ọdún 1983, kò sẹ́ni tó rí obìnrin náà, fíìmù sì ti wọ́n jù láti tún un yà. Ṣùgbọ́n bí àgbà tó kàwé bá ti ní kí wọ́n gé e, wọn yóò gé e. Ó kọjú sí Albert.

"O gbọ́ nǹkan tí Tíṣà wí?"

"Mo gbọ́, sà."

Mo lọ sílé, mo sì jẹun yó.

Láàárọ̀ Ẹtì, Kúbúrátù kan ilẹ̀kùn mi. N kò rí i kó dákẹ́ rí, ṣùgbọ́n ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Tíṣà, ẹ rí agboòrùn mi lánàá?"

Mo ní agboòrùn wo.

"Èyí tó wà nínú sinimá. Aláwọ̀ ewé, tí etí ẹ̀ kan ti ya. Èmi ni mo ni ín. Ìyá Yétúndé ni mo yá."

Mo ní kí ó jókòó. Kò jókòó.

"Wọ́n ní oòrùn mú jù, pé àwọn fẹ́ débì kan nítòsí. Mo wojú wọn dáadáa lánàá o. Ìyàwó yín ni, mo fi Àlùkùráánì búra. Mo rò pé ẹ ti rí wọn ni. Nígbà tí ẹ dìde tí ẹ lọ bá ọba, mo ní ẹ lọ dúpẹ́ ni."

Olúyọmí, ìwọ lo dì mí mú lójú oórì Bọ́lánlé ìyàwó mi ní oṣù kẹjọ ọdún 1983. Fọ́tò mẹ́rin péré ló fi sílẹ̀, o sì ti rí wọn. Ó fajú ro nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí kò fẹ́ràn kí ẹnikẹ́ni ní kó dúró jẹ́. Ó tún wá kọjá lójú mi lọ́sàn-án gangan, ó ń rìn, mo sì ní kó kúrò lójú ọ̀nà nítorí àwọn ọmọ tí a kò tíì bí.

Mo mú gíláàsì. N kò mọ bí mo ṣe dé gbọ̀ngàn. Albert jókòó sídìí ẹ̀rọ, réésà àti téèpù wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀, nítorí bí fíìmù bá ti já, réésà ni wọ́n fi ń gé ibi tó bàjẹ́ kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́ pọ̀.

"Albert, èyí tí mo ní kí ẹ gé ńkọ́?"

Ó dìde dúró ṣánṣán.

"Mo ti gé e, sà."

Ó ń retí kí n yìn ín. Ọmọ tí kò parí iṣẹ́ tí mo fún un rí, ọjọ́ tó wá parí rẹ̀ nìyẹn.

Mo ń wá ibi tí n óò jókòó sí. Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú inú páálí tó wà lábẹ́ tábìlì, ó sì fà á jáde. Kò gùn ju apá mi méjèèjì lọ. Mo gbé e sójú fèrèsé. Àwọn àwòrán kéékèèké ni, wọn kò tó èékánná, ọ̀kan lábẹ́ ọ̀kan, Bọ́lánlé sì wà nínú gbogbo wọn. Ó gbé agboòrùn Kúbúrátù lọ́wọ́ kan, ó fi ọwọ́ kejì gbé abọ́ oúnjẹ tí a fi aṣọ funfun dì, ó gbé e ti ìgbáròkó.

"Ẹ mú un lọ sílé, sà. Kò sẹ́ni tó máa bi yín." Ó nawọ́ sí ẹ̀rọ rẹ̀. "Àmọ́ kò ní rìn o, sà. Inú ẹ̀rọ nìkan ló ti ń rìn."

Mo ronú sí i. Fọ́tò mẹ́rin tó dúró sójú kan ti wà nílé. Kí ni n óò fi àádọ́jọ mìíràn ṣe? Mo ní kí ó lẹ̀ ẹ́ padà. Ó ní òun ò lè dá a ṣe, kí n lọ bá ọba.

Mo bá ọba nídìí ẹ̀bà, agolo rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ní mo ti ṣàṣìṣe, kí agboòrùn padà sáyè rẹ̀. Ó wò mí tìyanu-tìyanu.

"Tíṣà, ṣé òyìnbó ti wá dé báyìí ni?"

Mo sọ òótọ́ fún un. Ó yọ ọwọ́ kúrò nínú oúnjẹ. Lẹ́yìn náà ó ní ìlú mẹ́sàn-án ni wọ́n ti fi agboòrùn yẹn rẹ́rìn-ín òun, bó di ogún kò pa òun.

"Ẹ jẹ́ kí màámi kọjá."

Mo ti fi ọkùnrin náà ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, n kò sì ní pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n ọba ni.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ìjókòó iwájú ni mo wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kúbúrátù, pẹ̀lú gíláàsì. Àwòrán fò díẹ̀ níbi tí Albert ti lẹ̀ ẹ́. Arógundádé fi ara rẹ̀ wé iná, ó fi ara rẹ̀ wé òkun, Bọ́lánlé sì jáde lọ́wọ́ ọ̀tún. Kò pẹ́ tó ìdajì Àdúrà Olúwa. Ní àárín, ó yí ojú sí wa lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tó rí àwọn ènìyàn níbi tí wọ́n ti ń ṣe nǹkan tí kò kàn án, ó sì ń bá tirẹ̀ lọ. Wọ́n pariwo, "Kábíyèsí, ẹ wẹ̀yìn o!" Èmi náà pariwo rẹ̀. Kúbúrátù di apá mi mú, kò sì túmọ̀ ohunkóhun fún ẹnikẹ́ni. Nínú gbogbo ohun tí mo ti wò, Íńdíà àti Ṣáínà, n kò rí ẹni tó ṣeré tó bẹ́ẹ̀.

Lánàá ni wọ́n kó agolo lọ. Wọn yóò dé Oǹdó lọ́sẹ̀ Àjíǹde. Jọ̀wọ́, mú Matilda dání, kí ẹ jókòó sápá òsì, nítorí ibẹ̀ ni Bọ́lánlé gbà lọ. Bí o bá rí àgbà kan tó kàwé tó fẹ́ dìde lọ bá ọba sọ̀rọ̀, fà á láṣọ. Bí ó bá sì jẹ́ pé ìwọ ni, kí Matilda fà ọ́. Ẹ má sì fi falẹ̀. Gbogbo ìgbà tí fíìmù bá já ni réésà ń mú díẹ̀ lọ. Kọ̀wé sí mi bí ó bá ṣì wà níbẹ̀.

Bá mi kí gbogbo ilé, kí o sì ní kí Matilda rọra máa gun òkè yẹn.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí gíláàsì kò kúrò lójú rẹ̀ mọ́ ni mí,

Bọ́dúnrìn.

Mo tún ṣí àpòòwé yìí. Mo ti bi Kúbúrátù, mo ti bi Mosúnmọ́lá àbúrò Bọ́lánlé, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó gbé e dé Ìmùṣin. A kò ní ará ní Ìmùṣin, a kò sì ní ọ̀rẹ́ níbẹ̀. Ìtòsí kọ́ sì ni. Ilé ìwé ni mo wà ní gbogbo ọ̀sán ní ọdún yẹn. Bí mo bá dé, n óò bá oúnjẹ tèmi lórí tábìlì, a óò sọ̀rọ̀ títí, kò sì dárúkọ Ìmùṣin rí. Ta ni Bọ́lánlé ń gbé oúnjẹ yẹn lọ fún?